Ẹ má tíì sọ oògùn nù nítorí wáyà inú ọkàn

Ìbéèrè kan wà tí àwọn àgbàlagbà tó lọ tọ́jú ọkàn dé máa ń bi mí: "Nọ́ọ̀sì, wọ́n ti fi wáyà sí i, kí ni mo tún ń lo oògùn fún?"

Ọkàn tó ń fún gbogbo ara ní ẹ̀jẹ̀, òun náà ní iṣan tó ń bọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, sìgá àti ọjọ́ orí máa ń jẹ́ kí ọ̀rá dì sínú iṣan yìí. Ọ̀nà á wá há. Bí èèyàn bá gun àtẹ̀gùn, àyà á fún un. Bó bá sinmi, á fúyẹ́.

Ní 1977, ní ìlú Zurich, Dókítà Andreas Gruentzig ti róbà tín-ínrín gba inú iṣan dé ọkàn aláìsàn, ó fẹ́ fèrè kékeré tó wà lórí rẹ̀, ọ̀nà sì là. Ṣùgbọ́n iṣan mìíràn a tún padà há. Ìyẹn ló fa stent, wáyà roboto bí àwọ̀n, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi síbẹ̀ ní 1986. Èyí tí wọ́n fi oògùn pa lára ló wọ́pọ̀ báyìí, torí ó ń dín pípadà há kù.

Àlejò ni wáyà nínú ara. Ẹ̀jẹ̀ fẹ́ dì mọ́ ọn. Ásípírìn àti clopidogrel, tàbí irú rẹ̀, ni kì í jẹ́ kó dì. Ó sábà máa ń tó oṣù 6, tàbí ọdún kan fún ẹni tí àìsàn náà kọlù lójijì. Dókítà yín ló lè dín in kù. Ẹni tó bá dá a dúró fúnra rẹ̀, bóyá torí owó tán tàbí ó fẹ́ yọ eyín, stent lè dí lójijì, ó sì lè pa á. Ẹ pe dókítà ọkàn ná. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ ọ́. Òmíràn lè mú ẹ̀jẹ̀ dà.

Ẹ̀yin ọmọ tó fẹ́ ta ilẹ̀ kí Bàbá lè lọ gba stent, ẹ fara balẹ̀. Ìwádìí COURAGE ní 2007 àti ISCHEMIA ní 2020 fi hàn pé fún ọ̀pọ̀ ẹni tí àyà ń fún nígbà iṣẹ́ nìkan, stent kò dín ikú kù ju oògùn gidi lọ. Ó kàn ń mú kí àyà fúyẹ́ ni, ìyẹn náà kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹ bi dókítà léèrè èwo ló fẹ́ fi ṣe.

Bó bá jẹ́ pé àyà fún un lójijì tí kò lọ, òógùn tútù bò ó, ìrora lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Níbẹ̀ ni stent ti ń gba ẹ̀mí là, bó bá yá. Àwọn obìnrin àti onítọ̀ ṣúgà lè má nírora, kí èémí kàn máa há. Ẹ má pè é ní inú kíkún, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́: ọsibítù ńlá ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.