Ta Ni Yóò Ṣe Àmín ní Aláùsá?



Kò sí olóye ẹ̀sìn tí yóò bínú sí aláṣẹ tí ó kúnlẹ̀ gbàdúà. Nígbà tí Ààrẹ Goodluck Jonathan kúnlẹ̀ níwájú Pásítọ̀ Adébóyè ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, orúnkún ara rẹ̀ ni ó fi kúnlẹ̀.

Ìgbà tí ipò ìjọba bá bá ẹni náà kúnlẹ̀ ni ọ̀ràn dé. Ká sọ pé ọ̀gá kan pe ìpàdé ìjọba ní Aláùsá tàbí ní káńsù Agége, ó ní kí gbogbo ènìyàn dìde, ó gbàdúà ní orúkọ Jésù, ó sì ń retí Àmín. Akọ̀wé Mùsùlùmí wà níbẹ̀. Ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìgbéga rẹ̀ ń wò ó lẹ́nu. Bí ó bá ṣe Àmín, ó ti jẹ́rìí sí ohun tí ìrun rẹ̀ márààrún sẹ́. Bí ó bá dákẹ́, wọ́n á ní alákatakítí ni.

Abala 10 ìwé òfin ọdún 1999 kọ̀ fún ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ láti sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba. Abala 38 sì fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn. Abala 38 yìí ni wọ́n gbé lọ sí kóòtù nítorí híjáàbù àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba Èkó. Ilé-ẹjọ́ Gíga ní Ìkejà kọ ẹ̀bẹ̀ wọn ní 2014, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yí i padà ní 2016, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022. Nǹkan bí ọdún mẹ́jọ! Ní Kánádà, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá olórí ìlú Saguenay lẹ́kun ní 2015, ẹni tí ó máa ń gbàdúà Kátólíìkì kí ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníléeṣẹ́ Ọ̀gbà àti Oregun náà, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń fi owó oṣù rà, wọn kò ra ìgbàgbọ́ òṣìṣẹ́.

Ṣùgbọ́n alága Mùsùlùmí tí ó fi Fátíhà ṣí ìpàdé, tí ó ń wo Kiristẹni bóyá yóò tẹ́wọ́, ohun kan náà ni òun náà ṣe. (Àwọn kan nínú ìjọ kò ní fẹ́ gbọ́ èyí.) Súratul-Baqarah, ẹsẹ̀ 256, ti mú ipá kúrò nínú ẹ̀sìn. Ìtàn ìgbésí-ayé Ànábì, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, sọ nípa àwọn Nàsárá Najrān tí wọ́n wá sí Mẹ̀dínà. Àsìkò ìjọsìn wọn tó nínú mọ́sálásí, àwọn kan fẹ́ dí wọn lọ́wọ́, Ànábì ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n kọjú sí ìlà-oòrùn, wọ́n jọ́sìn. Ìtàn náà kò sọ pé wọ́n ní kí Sàhábà kankan wá ṣe Àmín sí i.

Kí ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bá bá níbi iṣẹ́ ìjọba dúró jẹ́ẹ́, kí ó má pariwo, kí ó má sì jáde. Lẹ́yìn ìpàdé, kí ó kọ lẹ́tà tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀ sí ọ̀gá, kí ó tọ́ka sí abala 10 àti 38, kí ó sì bèèrè pé kí wọ́n fi ìṣẹ́jú kan ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rọ́pò àdúà náà, kí olúkúlùkù bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí ó tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà náà.