Bí Ọrùn Bá Wọ́ Lẹ́yìn Oògùn Ọpọlọ

Ní oṣù yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ti mú kí ọ̀pọ̀ ìdílé gbé aláìsàn wọn sá kúrò ní ilé ìwòsàn.

Àìsàn ọpọlọ mú ọmọ kan. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ balẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ọrùn rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú rẹ̀ yí sókè, ahọ́n rẹ̀ le. Ìyá á figbe ta pé, “Ayé ti dé o!” Ó di orí òkè àdúrà.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ẹ̀mí àìmọ́. Oògùn náà ló fà á. Ohun kan wà nínú ọpọlọ wa tí à ń pè ní dopamine, òun ló ń jẹ́ kí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ẹnu máa lọ geere. Oògùn bíi chlorpromazine (Largactil), tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọ́jú àìsàn ọpọlọ ní ilẹ̀ Faransé ní 1952, àti haloperidol, a máa dí ọ̀nà rẹ̀. Ọkàn á balẹ̀, ṣùgbọ́n iṣan ara lè dàrú.

Ọ̀nà mẹ́rin ni ó máa ń gbà yọ:

1. Ọrùn wíwọ́, tí ó máa ń tètè dé. Abẹ́rẹ́ kan wà tí dókítà lè fi tú u láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

2. Àìlèjókòó. Aláìsàn ń rìn síwá sẹ́yìn, ara ń ni ín. Àwọn ará ilé á ní wèrè rẹ̀ ló ń pọ̀ sí i, wọ́n á fi oògùn kún oògùn, ìyà rẹ̀ á sì pọ̀ sí i.

3. Ara líle, ọwọ́ gbígbọ̀n, ẹsẹ̀ wíwọ́ nílẹ̀ bí ti arúgbó.

4. Ẹnu tí ń jẹ ohun tí kò sí níbẹ̀, ahọ́n tí ń yọ síta. Èyí máa ń dé lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún púpọ̀, ó sì lè má lọ mọ́. Benzhexol (Artane), tó ń ran ti àkọ́kọ́ àti ti ẹ̀kẹta lọ́wọ́, lè mú èyí burú sí i. Ní 2017, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn méjì fún un, valbenazine àti deutetrabenazine.

Kí ni kí a ṣe? Ẹ má ṣe dá oògùn dúró lójijì, nítorí àìsàn náà lè padà wá pẹ̀lú agbára. Ẹ kọ orúkọ oògùn náà àti ọjọ́ tí àmì náà bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ padà lọ bá dókítà. Ó lè dín in kù, ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara bá le gbagidi tí ibà líle sì dé, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tí Dókítà Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, Abẹ́òkúta, ní 1954, ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó wà nítòsí. Ẹbí wà nínú ìtọ́jú náà. Bẹ́ẹ̀ ni kí ó rí láàárín wa. Ẹ má ṣe fi ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò sinmi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìjọ, ẹ má sì ṣe nà án ní ẹgba pé ẹ ń lé ẹ̀mí jáde. Àdúrà àti oògùn kì í bá ara wọn jà. Oníṣègùn ni Lúùkù tí ó kọ Ìhìnrere.

Kí Olúwa fi àlàáfíà sí ilé gbogbo wa. Àmín.