Sáà Àkọ́kọ́ Ni Kí Ìrànwọ́ Wa Dé

Ní ọdún 1940, ọmọdékùnrin kan kúrò ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, ó forí lé Èkó láti lọ kàwé ní Igbobi College. Iléèwé St Paul's ní Ìkọ̀lé ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba Ekiti Central School kọjá kó tó gbọ́ òkìkí Igbobi. Èkó jìnnà nígbà náà, owó iléèwé náà kò sì kéré, àmọ́ àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n fi owó ràn án lọ́wọ́. Ọmọ náà ni J. F. Ade Ajayi, tó padà di àgbà ọ̀jẹ̀ nínú ìmọ̀ ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà, tó sì ṣe gíwá Yunifásítì Èkó láti ọdún 1972 sí 1978.

Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn yìí ni àsìkò tí owó náà dé. Ìlú kò dúró kó gboyè kí wọ́n tó ṣí àpò. Ìgbà tó ń lọ, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ bóyá yóò ṣe dáadáa, ni wọ́n nawọ́ sí i.

Ẹgbẹ́ tiwa, àwa ọmọ ìlú tó wà nílẹ̀ òkèèrè, ń ṣe é lódìkejì. Ìparí ọdún ni a ń pín ẹ̀bùn ẹ̀kọ́, níbi àríyá, fún àwọn tí èsì ìdánwò wọn ti dára. Mo mọyì àríyá náà, inú mi sì ń dùn tí mo bá rí àwòrán àwọn ọmọ wa pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti sọdá odò ni à ń fún ní ọkọ̀. Ẹni tó ṣì wà lójú omi ni mo fẹ́ ká wò lọ́dún yìí, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń kúrò nílé, ẹni tó bá fẹ́ lọ yunifásítì ní láti gba Ifẹ̀, Ìbàdàn tàbí Adó lọ. Láti ọdún 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá Federal University Oye-Ekiti (FUOYE) sílẹ̀, ilé wa ni yunifásítì wà. Ọgbà kan wà ní Ọ̀yẹ́, ìkejì wà ní Ìkọ̀lé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń lọ síbẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ náà sì ń ti Èkó, Kogí, Delta àti ọ̀nà jíjìn mìíràn wá. Ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo wọn dé sí.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń dojú kọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé. Fáìlì wà lábẹ́ apá rẹ̀: ìwé ìgbàwọlé JAMB, èsì WAEC, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ìjọba ìbílẹ̀ tó ń fi hàn pé ọmọ ibí báyìí ni, pẹ̀lú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àti ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Á tò síbí, á tò sọ́hùn-ún. Á san owó ìgbàwọlé, á san owó iléèwé, á forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀ lórí fóònù, á sì máa wá ẹni tí yóò buwọ́ lu fọ́ọ̀mù rẹ̀ kiri. Bẹ́ẹ̀ olùkọ́ kò dúró dè é. Nígbà tó bá fi ráyè wọ kíláàsì MTH 101, wọ́n lè ti parí ẹ̀kọ́ lórí sets, kí wọ́n ti wọ mathematical induction. CHM 101 àti PHY 101 ń dúró dè é pẹ̀lú iṣẹ́ yàrá ìwádìí wọn, GST 111 náà kò gbẹ́yìn. Fọ́tò nóòtì tí ẹlòmíràn kọ, tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ni yóò máa dà kọ sínú ìwé ara rẹ̀ lóru, bí iná bá wà lára fóònù.

Ọ̀rọ̀ iná yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Ọ̀yẹ́ láti fẹ̀hónú hàn nítorí iná mọ̀nàmọ́ná tó ń ṣe ségesège. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló kú nínú rògbòdìyàn náà. Ọmọ tó wá ìmọ̀ wá sílùú wa ni wọ́n. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Wọ́n máa ń sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, à fi ẹni tó bá fi orí tì í dópin. Òótọ́ ni, àmọ́ máàkì sáà àkọ́kọ́ kì í fini sílẹ̀ títí dópin. Márùn-ún ni òkè òṣùwọ̀n máàkì (CGPA) tí wọ́n ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ jáde pẹ̀lú second class upper gbọ́dọ̀ ní 3.50, ó kéré tán. Bí ọmọ tó ń ṣe ọdún mẹ́rin bá mú 2.00 ní sáà àkọ́kọ́, tí iṣẹ́ gbogbo sáà sì dọ́gba, yóò máa mú nǹkan bíi 3.72 ní sáà méje tó kù kó tó lè débẹ̀. Ó ṣeé ṣe, àwọn kan ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ọmọ náà gbé ru ara rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́rin ni yóò máa sọ̀ fún odidi ọdún mẹ́ta àtààbọ̀, ó sì lè jẹ́ pé àìrówó san owó iléèwé lásìkò ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé ṣé NELFUND kò ti wà ni. Ó wà. Láti ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láìsí èlé: wọ́n ń san owó iléèwé tààrà fún yunifásítì, wọ́n sì ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà lóṣù fún oúnjẹ òòjọ́ ẹni tó bá béèrè. Mo rọ gbogbo òbí kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ wọn forúkọ sílẹ̀. Síbẹ̀ iléèwé gbọ́dọ̀ fìdí orúkọ ọmọ múlẹ̀ kí owó tó jáde, ebi kò sì mọ̀ pé ètò ń lọ lọ́wọ́. Àlàfo yẹn gan-an ni owó ẹgbẹ́ wa lè dí.

Mo wá dé ibi tó kan àwa fúnra wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti kọ́ ilé sí Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ohun tó burú ńbẹ̀. Owó tí a fi òógùn wá nílẹ̀ òkèèrè ni, ó sì yẹ kó mú èrè wá. Àmọ́ ẹ bi éjẹ́ǹtì yín léèrè ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tó bá wá gba self-contain. Owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, owó àdéhùn, owó éjẹ́ǹtì, owó tí wọ́n ní àwọn yóò dá padà bó bá ń lọ, tí wọn kì í sì í sábà dá padà. Bí ọmọ bá san gbogbo ìyẹn tán ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ló kù tí yóò fi ra ìwé? Mo ti gbọ́ nípa àwọn tí wọ́n ń sun ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ní yàrá ọ̀rẹ́ títí di ìdánwò. Onílé tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston kò ní mọ̀, nítorí àpapọ̀ owó nìkan ni éjẹ́ǹtì ń fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun pín owó ilé san lẹ́ẹ̀mejì, tó sì tún ẹ̀rọ omi ilé rẹ̀ ṣe kí wọ́n tó wọlé, ti ṣe ju ẹ̀bùn àríyá lọ.

Ìtọ́jú ara náà ńkọ́? Ọmọ tó bá ń ṣàìsàn lọ́ganjọ́ ní ìlú tí kò mọ̀ nílò ẹni tí yóò pè. Ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, kò jìnnà sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀. Ẹni tí yóò sin wọ́n débẹ̀ ni kì í sábà sí. A ní àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti fẹ̀yìn tì sílé, tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì àti tíṣà. Nọ́ńbà fóònù ẹnìkan nínú wọn lọ́wọ́ ọmọ tuntun kan, kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Nítorí náà, èyí ni mo ń gbé síwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ wa. Kí a pín owó ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọdún yìí sí méjì. Kí ìdajì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kí ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì tó parí, kí ìdajì kejì dúró fún àwọn tí èsì wọn dára gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é. Kí ọmọ àlejò tó ń gbé láàárín wa náà lè béèrè. Kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó ní ilé ní Ọ̀yẹ́ tàbí Ìkọ̀lé fi orúkọ ránṣẹ́ sí akọ̀wé, pẹ̀lú iye yàrá tó ní àti bí ó ṣe fẹ́ kí wọ́n máa san owó rẹ̀, kí ìpàdé wa tó ń bọ̀ tó wáyé.