Ẹ̀rọ Amómigbóná Àtijọ́ ní Niamey: Àtúnṣe Tàbí Ìpààrọ̀?

Bí ọyẹ́ bá mú ní Niamey láàárín oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní, omi tútù a máa di ohun ìbẹ̀rù fún arúgbó àti ìyá ìkókó. Ìgbà náà ni àwọn onílé ń rántí ẹ̀rọ amómigbóná olóòrùn tó ti pẹ́ lórí òrùlé. Bí omi rẹ̀ kò bá gbóná mọ́, ẹjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń dá fún un: ó ti gbó, ẹ yọ ọ́ dànù, ẹ ra oníná mànàmáná. Ẹjọ́ yìí kù díẹ̀ káàtó.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní Niamey. ONERSOL, iléeṣẹ́ ìjọba Nìjẹ̀r tó wà fún agbára oòrùn, ṣe é níbẹ̀ nígbà tí Abdou Moumouni, onímọ̀ físíìsì, ń darí rẹ̀ láti 1969 sí 1985. Ọkùnrin yìí kan náà ló kọ ìwé lórí ètò ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà ní 1964, tó sì jà níbẹ̀ fún fífi èdè Áfíríkà kọ́ni. Olùkọ́ èdè tó ń yìn ín nítorí ìwé náà, tó tún ń ju iṣẹ́ iléeṣẹ́ rẹ̀ sí ààtàn, ó yẹ kó bi ara rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀.

Ìṣe ẹ̀rọ náà kò lọ́jú pọ̀. Páànù dúdú wà lábẹ́ gíláàsì, páìpù omi sì so mọ́ ọn. Oòrùn a mú omi gbóná; omi gbígbóná a fúyẹ́, a gòkè lọ sínú táǹkì; omi tútù a sọ̀kalẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fa omi, kò sí owó iná. Ohun tó sábà máa ń ṣe é kò ju kí eruku bo gíláàsì, kí gíláàsì fọ́, kí èérí omi dí páìpù, tàbí kí ojú ìsopọ̀ máa jò. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń yọ odindi ẹ̀rọ! Ẹni tí taya ọkọ̀ rẹ̀ jò kì í torí rẹ̀ ta ọkọ̀.

Òótọ́ ni pé bí ìpẹtà bá ti jẹ táǹkì láti inú wá, jíjó o pọ̀ kì í tọ́jọ́. Kí wọ́n pààrọ̀ táǹkì nígbà náà. Páànù àti gíláàsì tó ṣì dára kò jẹ̀bi nǹkan kan.

Àwọn alátakò ní ẹ̀rọ oníná yá jù, kì í sì í dúró de oòrùn. Ó ń dúró de Nàìjíríà ńkọ́? Lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, Nàìjíríà gé iná tó ń fi ránṣẹ́ sí Nìjẹ̀r, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú iná Niamey ti ń wá nígbà náà. Ẹ̀rọ oníná di àpótí omi tútù. Oòrùn kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó yọ.

Ohun tó burú jù ni ti ìmọ̀ ọwọ́. Ọmọṣẹ́ kò ní kọ́ àtúnṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kì í gbé wá fún àtúnṣe. Nítorí náà, kí onílé tó pe ọlọ́jà, kí ó kọ́kọ́ pe ẹni tó ń ṣe páìpù gun òrùlé; kí wọ́n nu gíláàsì, kí wọ́n da èérí inú táǹkì nù, kí wọ́n sì wò ó dájú bóyá táǹkì ló ń jò ni, tàbí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ lásán.