Ẹ Dẹ́kun Yíyí Ilé Padà Lọ́kọ̀ọ̀kan: Lẹ́tà Gbangba sí Àwọn Aláṣẹ Ètò Ìlú

Ẹ̀yin aláṣẹ ètò ìlú ní Ìbàdàn àti ní Èkó,

Lẹ́tà yìí kò wá bẹ̀ yín pé kí ilé gbígbé má ṣe di ọ́fíìsì láé. Ọ̀nà tí iṣẹ́ náà ń gbà lọ báyìí ló wá bá yín wí. Onílé kan á mú puláànù wá, á san owó ìyípadà, ẹ ó sì fọwọ́ sí i. Kò ní pẹ́ tí aládùúgbò rẹ̀ náà á fi dé. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ yọjú títí ẹ ó fi fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri wọn. Wọ́n á wá san owó ìtanràn, ọ́fíìsì á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni ilé ń yí padà, ṣùgbọ́n gbogbo òpópónà ló ń jìyà rẹ̀ pọ̀.

Ẹ wo Bódìjà. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, láyé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ló dá ẹ́sítéètì náà sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950, fún òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn alákọ̀wé. Ìdílé kan nínú ilé kan, ọgbà níwájú, bọ́ìsì-kọ́tà lẹ́yìn. Lónìí, ẹni tó bá gba Òpópónà Ọ̀ṣúntókun kọjá yóò rí báńkì, ilé oúnjẹ, ilé ìtajà àti ọ́fíìsì níbi tí ilé ìdílé wà tẹ́lẹ̀.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Wọ́n ti fi pákó pín pálọ̀ sí yàrá mẹ́ta. Gáréèjì ti di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi POS sanwó fún èèyàn. Ọgbà ti di intalọ́ọ̀kì látòkè délẹ̀, nítorí náà omi òjò tí ilẹ̀ ń fà mu tẹ́lẹ̀ ń ya wọ ojú títì. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, ó kọ ẹnu èéfín sí fèrèsé yàrá tí aládùúgbò ń sùn sí. Kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ fún ènìyàn mẹ́fà ni ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ ń lò. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, mẹ́gádì nìkan ló kù.

Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó burú nínú kí ilé àti iṣẹ́ wà lójú kan. Bí àwọn Yorùbá ti ń gbé nìyẹn kí òyìnbó tó dé: ìyá á pàtẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, alágbẹ̀dẹ á fi agbo ilé ṣe ilé iṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà bọ̀ láti Brazil, kọ́ sí Pópó Àgùdà ní Èkó, ìsàlẹ̀ ni ọjà wà, ìdílé sì ń gbé lókè. Òfin ìlú tí Lugard, gómìnà àgbà òyìnbó, ṣe ní 1917 ló ya ibùgbé òyìnbó sọ́tọ̀, inú ìpín bẹ́ẹ̀ sì ni GRA, àdúgbò ibùgbé tí ìjọba yà sọ́tọ̀, ti wá. Òṣìṣẹ́ tó ń jí láàárọ̀ kùtù ní Ìkòròdú kó tó lè dé Victoria Island lásìkò mọ ohun tí jíjìnnà ilé sí iṣẹ́ ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn.

Àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kì í ṣe àpapọ̀ ilé àti iṣẹ́. Wọ́n ń lé ilé gbígbé jáde ni. Allen Avenue ní Ìkẹjà, Awolowo Road ní Ìkòyí àti Adeola Odeku ní Victoria Island, ibùgbé ni gbogbo wọn nígbà kan. Nígbà tí ọ́fíìsì wọlé síbẹ̀, kò sí ìlànà tó ní kí yàrá òkè ṣì wà fún ìdílé. Owó tí ilé-iṣẹ́ ń san ju ti ayálégbé lọ, ayálégbé sì kó lọ.

Òfin wà o. Decree 88 ti ọdún 1992, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ìlú àti agbègbè, ka àyípadà ńlá nínú ìlò ilẹ̀ mọ́ ohun tó gbọdọ̀ gba àṣẹ. Ó tún ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ́fíìsì tó ju àjà 4 lọ, tàbí tí àyè tó ṣeé fi yáni nínú rẹ̀ ju 5,000 mítà onígun mẹ́rin lọ, mú àlàyé kíkún wá lórí ohun tí yóò ṣe sí àyíká. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí àyè rẹ̀ jẹ́ 300 mítà kò dé ibẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n tí 20 irú rẹ̀ bá yí padà ní òpópónà kan, 6,000 mítà nìyẹn. Òfin kò mú ẹnì kankan, bẹ́ẹ̀ ọ́fíìsì ńlá ti gúnlẹ̀ sáàárín àdúgbò, kò sì sí ẹni tó ṣírò omi, iná, ojú ọ̀nà àti kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ tí yóò nílò. Ẹ kò sì lè ti ọ̀rọ̀ náà sí ìjọba àpapọ̀ lọ́rùn: láti 2003 ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dá a pé ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ ètò ìlú. Èkó sì ti ṣe òfin tirẹ̀ ní 2010.

Àìbojútó ìlò ilé ti pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé kan wó ní Ìta Fájì ní Èkó, tòun ti àwọn ọmọdé tó ń kàwé ní òkè rẹ̀. Nǹkan bí 20 ènìyàn ló kú. Lẹ́yìn náà ni àwọn aláṣẹ sọ pé ilé gbígbé ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, pé ilé-ẹ̀kọ́ náà kò gbàṣẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, Bódìjà gbọ̀n. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ ló kó nǹkan abúgbàù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Ènìyàn 5 kú, àwọn tó fara pa ju 70 lọ. Ìbéèrè kan náà ni méjèèjì bi yín: ta ló ń wọlé lọ wo ohun tí wọ́n ń fi ilé ṣe lẹ́yìn tí ìwé àṣẹ ti jáde?

Àwọn onílé ní ẹjọ́ tiwọn. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tó jẹun, kò ṣẹ̀ bó bá fi ilé rẹ̀ háyà fún ilé-iṣẹ́. Òun gan-an ni ìlànà tó ṣe kedere yóò gbè, nítorí yóò mọ ohun tó lè ṣe àti iye tí yóò san, kò sì ní máa sá fún ọlọ́dà pupa.

Nítorí náà, ẹ máa fi òpópónà lódindi ṣe ìpinnu, kí ẹ sì kéde iye ọ́fíìsì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ẹ fi í ṣe dandan pé kí apá kan ilé kọ̀ọ̀kan ṣì jẹ́ ibùgbé. Kí àyè ìgbọ́kọ̀sí, kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ tó tó àti jẹnẹrétọ̀ tí kò kọjú sí aládùúgbò ṣáájú ìwé àṣẹ. Kí owó ìyípadà tí ẹ bá gbà ní òpópónà kan padà sí gọ́tà àti ojú ọ̀nà ibẹ̀. Kí ẹ máa yẹ ilé wò lọ́dọọdún, kí ẹ sì lẹ àbájáde rẹ̀ síbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti kà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Òpópónà Ọ̀ṣúntókun: ẹ pe onílé, ayálégbé àti oníṣòwò ibẹ̀ jọ sípàdé, kí ẹ tó tún fọwọ́ sí ìwé mìíràn.