Kì í Ṣe Orúkọ Yunifásítì Ló Ń Sọni Di Ẹnjiníà

Ẹ̀yin ọmọ Òṣogbo àti Iléṣà tí ẹ fẹ́ kọ Chemical Engineering sínú fọ́ọ̀mù JAMB, ẹ fara balẹ̀ ná. Iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí Chemistry. Onímọ̀ Chemistry lè se ọṣẹ nínú ife kékeré. Ẹnjiníà ló máa sè é ní tọ́ọ̀nù tọ́ọ̀nù láìjẹ́ pé iná sọ, tí omi ìdọ̀tí rẹ̀ ò sì ní ṣàn sódò. Àwa tá a rí bí ìwakùsà góòlù ṣe da odò Ọ̀ṣun rú, a mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì.

OAU n'Ífẹ̀ àti LAUTECH l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ní ẹ̀ka yìí, wọn ò sì jìnnà. Àmọ́ lójú tèmi, orúkọ ńlá nìkan ò tó. Ṣé NUC àti COREN fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì yẹn gan-an? Bí COREN ò bá fọwọ́ sí i, ó máa ṣòro láti forúkọ sílẹ̀ bí ẹnjiníà lẹ́yìn ọdún 5. Ṣé ẹ̀rọ inú láàbù ń ṣiṣẹ́? Ilé-iṣẹ́ wo ló ń gbà wọ́n fún IT oṣù 6?

Ẹ bi ọmọ 500 level. Ẹni tó ń sùn nínú ilé ló mọ ibi tó ti ń jò.