Ẹ Fi Kirikou Sílẹ̀ O!

Àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa ọmọ ẹgbẹ́ lórí fíìmù kátúùnù kan ti fẹ́ di ìjà Ọ̀rẹ̀ ọdún 1967. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Ọ̀rẹ̀ gan-an, tí ẹ ti ń fi "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀" ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti wọ yunifásítì yìí, ó tọ́ kí n dá sí i. Ẹ jẹ́ kí n kọ tèmi sílẹ̀. Ẹni tó bá ní èsì, kó kọ tirẹ̀ sínú ìwé wa tó ń bọ̀. Ariwo ẹnu ọ̀nà họ́sítẹ̀lì ti tó.

Fíìmù tí à ń jà lé lórí ni *Kirikou et la Sorcière*, ìyẹn Kirikou àti Àjẹ́, tí Michel Ocelot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé jáde ní ọdún 1998. Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ èdè Faransé ló fi fláàṣì gbé e bọ̀ láti Kútọnu. A jọ jókòó wò ó lálẹ́ Sátidé. Kò tíì dé ìdajì tí bọ̀dá kan fi dìde pé kí wọ́n pa á, pé ẹ̀mí àìmọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn ní ìhòòhò inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹlòmíràn ní kí ni òyìnbó ń wá nínú àlọ́ adúláwọ̀. Akéwì ẹlẹgbẹ́ mi kan kàn rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, ó ní nǹkan ọmọdé ni kátúùnù. Bí wọ́n ṣe pa á nìyẹn o. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bú fíìmù náà káàkiri báyìí ò mọ bó ṣe parí.

Ẹ gbọ́ ìtàn náà, kò gùn. Ọmọ kan sọ̀rọ̀ láti inú oyún, ó ní kí ìyá òun bí òun. Ìyá rẹ̀ ní ọmọ tó bá lè sọ̀rọ̀ nínú oyún lè bí ara rẹ̀. Ló bá rá jáde, ó ní Kirikou ni orúkọ òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. Baba òun dà? Wọ́n ní Karaba àjẹ́ ti pa á jẹ. Àwọn ọkùnrin abúlé yòókù ńkọ́? Karaba náà ni. Omi tó gbẹ ńkọ́? Karaba ni. Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé ìkà ni Karaba. Ọmọ tí kò ga ju orúnkún lọ yìí nìkan ló ń béèrè pé: kí ló dé tí Karaba fi ń ṣe ìkà?

Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Ó rìn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ baba àgbà tó ń gbé inú òkè tí Karaba ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dé. Baba yìí ló tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ fún un. Karaba ò pa ọkùnrin kankan jẹ, ó sọ wọ́n di ère tó ń jíṣẹ́ fún un ni. Omi kò gbẹ nítorí àjẹ́, ẹranko kan ló wọ inú ìsun omi láti kékeré, tó ń mu ún títí ó fi tóbi tí kò lè jáde mọ́. Karaba kàn jẹ́ kí wọ́n gbà pé agbára òun ni. Ìwà ìkà tó sì ń hù lóòótọ́ ní orísun: ẹ̀gún olóró kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan ló dì í mú tí wọ́n fi gún un. Tọ̀sán-tòru ló ń ro ó. Ibẹ̀ náà ni agbára rẹ̀ ti ń wá. Bí wọ́n bá sì yọ ọ́, ìrora yíyọ rẹ̀ yóò tó ìrora ọjọ́ tí wọ́n gún un, nítorí náà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé ẹ̀yìn òun. Kirikou ta ọgbọ́n, ó fi eyín fa ẹ̀gún náà yọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀sùn yín yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ìhòòhò. Òótọ́ ni pé Kirikou ò wọṣọ, àwọn obìnrin abúlé ò sì bo ọmú. Ẹjọ́ yìí ò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé fíìmù náà dé ilẹ̀ àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní kí Ocelot ya kọ́mú sáyà àwọn obìnrin yẹn. Ó kọ̀ jálẹ̀. Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá, ẹ rántí ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n gbé lọ sí ibi ìpàtẹ Wembley ní ọdún 1924, tó sì wà ní British Museum dòní. Ṣé àwọn obìnrin orí rẹ̀ wọ kọ́mú ni? A ń kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé iṣẹ́ ọnà ni, a sì ń gba máàkì lé e lórí. Bí a bá gbẹ́ ẹ sára igi, àṣà ni. Bí a bá yà á sínú fíìmù, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Haba! Ohun tí àwọn míì nínú yín ń wò lórí fóònù lóru, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n lanu.

Ní ti òyìnbó. Conakry ní ilẹ̀ Guinea ni Ocelot ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Ohùn àwọn ọmọ Senegal ló fi sẹ́nu àwọn èèyàn inú fíìmù náà, Youssou N'Dour ló sì ṣe orin rẹ̀. Àwa kan náà la máa ń gbóríyìn fún Ulli Beier, ọmọ Jámánì, pé ó bá Dúró Ládiípọ̀ dá Mbari Mbayo sílẹ̀ l'Òṣogbo ní 1962. Kí ló wá sọ Ocelot di olè? Lóòótọ́, ó dùn mí pé ilẹ̀ Faransé ni orúkọ àti owó rẹ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti mú bírò láti ya ẹyọ àlọ́ kan? Bínú tán, kí o jókòó kí o ya tìrẹ.

Ní ti pé nǹkan ọmọdé ni. Akéwì, ìwọ ni mò ń bá wí. O mọ Àjàǹtálá. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ Ondo wa níbí, kọ ọ́ sínú *Igbó Olódùmarè*. Àjàǹtálá náà, bí wọ́n ṣe bí i ló ti ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀nà wọn ti yà. Àjàǹtálá ń jẹ àjẹrun, ó ń lu tọmọdé tàgbà, ilé ò rójú. Ohun tí àlọ́ wa ń kọ́ wa ni pé ọmọ tó bá tètè gbọ́n, kí a yáa máa sọ ọ́. Ti Kirikou ní ọmọ yẹn gan-an ló lè gba ìlú là, bí ìyá rẹ̀ bá lè dá a lóhùn nígbà tó bá béèrè ọ̀rọ̀. Èyí kì í ṣe eré ọmọdé. Ní ọdún 2008, ìjọba ìpínlẹ̀ Akwa Ibom ní láti kọ ọ́ sínú òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn pe ọmọ ní àjẹ́, nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n ń lé sójú títì. Àwa tí à ń sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, ó yẹ ká mọ ẹ̀gbẹ́ tí a ó dúró sí.

Ní ti ẹ̀mí àìmọ́. Bọ̀dá mi, ẹ má bínú, ẹ ò dúró wò ó tán. Nígbà tí Kirikou dé ọ̀dọ̀ baba àgbà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní oògùn ìṣọ́ra. Baba kọ̀. Ó ní àìní oògùn ni yóò jẹ́ kó máa lajú sílẹ̀. Ẹ wá fi wé àwọn fíìmù tí wọ́n ń tà fún wa ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀, níbi tí iná ti ń jáde lọ́wọ́ babaláwo, tí iná mìíràn ń jáde lọ́wọ́ wòlíì, tí ìyá arúgbó kan á wá ṣubú lulẹ̀ ní ìparí, á jẹ́wọ́ èèyàn mẹ́tàdínlógún tó pa, á sì kú. Gbogbo wa á pàtẹ́wọ́. Èyí ò ní ẹ̀mí àìmọ́. Èyí tí akọni rẹ̀ ò ní ońdè kan ṣoṣo lọ́rùn ló ní in!

Ibi tí mo ń lọ gan-an la dé yìí. Ẹ̀rù tó ń bà yín kọ́ ni ìhòòhò, kì í sì í ṣe ti oògùn. Ìbéèrè ọmọ yẹn ni.

Yorùbá ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe tí gbogbo wa há sórí ni. Kò sẹ́ni tó ń dúró yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló gbọ́ igbe yẹn? Ṣé ẹyẹ kọ́ ló ké? Ibà ńkọ́? Omi tí ọmọ mu ńkọ́? "Ta ni kò mọ̀" yìí ti di ẹnu àwọn ẹlẹ́rìí pa kí wọ́n tó dé kóòtù. Kirikou nìkan ló nawọ́ sókè ní tirẹ̀, pé: èmi ni mi ò mọ̀, ẹ ṣàlàyé fún mi.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa l'Ọ̀rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, tó ń ta púpurú. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ agbégẹdú, kú lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin. Kò pé ọdún mẹ́ta, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń gun ọ̀kadà kú lójú ọ̀nà kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Ọ̀rẹ̀ kọjá, ẹ mọ̀ ọ́n: tírélà, kòtò, eré àsápajúdé. Kò sẹ́ni tó pe ọ̀nà ní àjẹ́. Màmá ni wọ́n pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí gìrì wá mú ọmọ ilé kejì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Wọn ò ra púpurú lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, àwọn ọmọdé ń sá bí wọ́n bá rí i. Àwọn ẹbí rẹ̀ kó o lọ sí abà kan lọ́nà Òdìgbò. Nígbà tí mo bá ń padà sílé ẹ̀kọ́, tí mo bá kúnlẹ̀ kí i pé "Màmá, mò ń lọ o," àdúrà tó máa ń ṣe fún mi ni pé n ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ẹni tí ọ̀nà jẹ ọkọ rẹ̀ lójú rẹ̀, tó jẹ ọmọ rẹ̀, òun ló ń gbàdúrà bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀gún wo ló tún jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Òfin pàápàá ò sí lẹ́yìn àwọn tó lé e. Abala 210 nínú Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tó wà fún gúúsù Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹlòmíràn jẹ̀bi, ó sì lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 2 jura. Ta la ti rí mú? Òfin wà nínú ìwé, òwe wà lẹ́nu, òwe ló ń borí.

Àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ wa ní ẹjọ́ tiwọn, ẹjọ́ wọn ló sì ní láárí jù. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe yọ ẹ̀gún tán ni agbára Karaba lọ, tí Kirikou di géńdé, tó sì fẹ́ ẹ. Wọ́n ní àwọn ọkùnrin tó gún un ńkọ́, ta ló bi wọ́n? Mo fara mọ́ ọn. Fíìmù náà gbójú fo àwọn yẹn, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí pé òun náà ló sọ fún wa pé ẹnì kan gún un. Nínú àwọn fíìmù gáréèjì tí mo wí yẹn, ìyá arúgbó kì í ní ẹ̀yìn tí ẹ̀gún lè wọ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ẹ̀gún gún ní ń ṣe lákáǹláká tọ alábẹ́rẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ni ẹ̀gún wà ńkọ́, tí gbogbo alábẹ́rẹ́ ìlú sì ń sọ òkò? Alábẹ́rẹ́ ni yóò dìde lọ bá a. Ohun tí Kirikou ṣe nìyẹn, òun ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo fíìmù tí mo ti wò lọ.

Nítorí náà, mo ń bẹ aláṣẹ ẹgbẹ́ wa kí wọ́n tún gbé e sí i, kí a sì wò ó dópin lọ́tẹ̀ yìí. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ẹ gbé Bíbélì yín dání, ẹ jókòó síwájú. Kìkì pé kí ẹ má pa nǹkan kan títí wọn yóò fi yọ ẹ̀gún yẹn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ dìde sọ̀rọ̀, a ó gbọ́ yín.